Adájọ́ tó le àti adájọ́ tó ń ṣègbè: ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ẹ là wá lọ́yẹ̀

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ wà láàárín wa ni mo dìídì ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti rojọ́ ilẹ̀ rí lè bá wa dá sí i.

Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá wa ti pẹ́ ní kóòtù. Oko bàbá bàbá wa ni, lójú ọ̀nà Ìkòyí. Ìdílé tí bàbá àgbà fún láyè kí wọ́n máa dáko níbẹ̀ ló dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní pulọ́ọ̀tì tà. Àwa la pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ohun tó gbé mi wá síbí kì í ṣe ẹjọ́ yẹn gan-an. Adájọ́ ni. Bí lọ́yà wa bá dìde, kò ní tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí adájọ́ á fi ní kó jókòó. Lọ́jọ́ tí bàbá wa ń jẹ́rìí, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń da ìbéèrè bò wọ́n, lọ́yà ẹgbẹ́ kejì kàn fẹ̀yìn ti àga, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá á ṣàlàyé gígùn, ògbufọ̀ á gé e sí gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ẹgbẹ́ kejì bá tọrọ ọjọ́ míì, adájọ́ á fún wọn. Àwa tọrọ nígbà tí ẹlẹ́rìí wa wà ní ọsibítù, ó ní ká máa bá ẹjọ́ lọ. Ó tún wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Irú ẹjọ́ yìí, mo mọ ibi tó ń lọ." Bàbá délé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n ní ẹjọ́ ti bọ́.

Ṣé ègbè ni ohun tí ojú wa rí yìí, àbí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn? Kí la lè ṣe tí kò ní dá kún ọ̀rọ̀? Mi ò ní dárúkọ adájọ́, mi ò sì ní sọ kóòtù tó jẹ́.

Alábòójútó

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò dárúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn, ẹ má ṣe wá orúkọ náà jáde o. Ẹjọ́ tí kóòtù ń gbọ́ lọ́wọ́ ni, ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì sí níbí láti sọ tẹnu rẹ̀.

Lọ́yà Tákìé

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Bá mi kí bàbá dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró níwájú àwọn adájọ́, láti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ títí dé Ìbàdàn. Mo fẹ́ ká tú ohun tó o sọ yẹn palẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wúwo bákan náà.

Kí adájọ́ ní kí lọ́yà jókòó, ìyẹn nìkan kì í ṣe ègbè. Àwọn adájọ́ kan wà tí ohùn wọn máa ń le látàárọ̀ dalẹ́. Ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, ṣé ìbínú yẹn máa ń kan lọ́yà ẹgbẹ́ kejì náà? Bó bá jẹ́ gbogbo èèyàn ló ń jágbe mọ́, ìwà rẹ̀ ni. Ìwà náà kò dáa. Ìlànà ìwà tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016, sọ pé kí adájọ́ ní sùúrù, kó sì máa fi ọ̀wọ̀ bá àwọn ẹlẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí àti agbẹjọ́rò lò. Ẹni tó ń jágbe ti ṣẹ̀ sí ìlànà yẹn. Àmọ́ jíjágbe nìkan kò lè mú kí wọ́n da ìdájọ́ nù.

Ní ti lọ́yà ẹgbẹ́ kejì tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ má jẹ́ kó dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àti lọ́yà tá a jọ fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́ láàárọ̀, a lè jọ jẹun lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ la jọ ń pàdé níwájú adájọ́ kan náà.

Kí adájọ́ má gba ẹ̀bẹ̀ yín pé kó fún yín ní ọjọ́ míì náà kò tíì di ègbè. Ẹni tí wọ́n bá kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun méjì ló wá kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè tí adájọ́ ń bi bàbá. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fún adájọ́ láyè láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kí òótọ́ lè hàn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ lè yé òun ló ṣe yẹ kó béèrè, kì í ṣe kó bá ẹgbẹ́ kan ṣe iṣẹ́ lọ́yà wọn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ "mo mọ ibi tó ń lọ" yẹn. Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ṣé bàbá ti sọ̀rọ̀ tán?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ ṣé gan-an ni, ma. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ṣì wà lórí ìdúró níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Ẹgbẹ́ kejì ò sì tíì mú ẹlẹ́rìí kankan wá.

Lọ́yà Tákìé

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tún wá burú ju ìyẹn lọ, torí kò tíì gbọ́ ẹnì kankan tán.

Bàbá Akọ̀wé

Kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìsàlẹ̀ àga adájọ́ ni mo máa ń jókòó sí, mo sì rí i tí ẹjọ́ rere bọ́ nítorí ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá rojọ́ kì í mọ̀.

Ọ̀pọ̀ adájọ́ wa ló ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé ńlá tó wà níwájú wọn. Torí náà, bírò adájọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí adájọ́ bá ní "dúró ná" tàbí "má sáré", ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì bá ẹnu ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́jọ́ á rò pé wọ́n ń pa òun lẹ́nu mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ adájọ́ ń wá bó ṣe máa kọ gbogbo rẹ̀ ni. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í gbójú kúrò lára bírò yẹn. Bó bá rí i pé ó ń sáré lórí ìwé, á ní kí ẹlẹ́rìí sinmi díẹ̀. Bó bá dúró, á béèrè ọ̀rọ̀ tó kàn.

Àmọ́ bí bàbá bá ń sọ̀rọ̀ tí adájọ́ gbé bírò sílẹ̀, tó ń wo òkè àjà, ẹ mọ̀ pé ohun tí bàbá ń sọ lásìkò yẹn kò wọlé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí lọ́yà yín ti dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó ní, "Olúwa mi, mo bẹ̀bẹ̀ kí ìdáhùn yẹn wà lákọsílẹ̀." Bí adájọ́ bá kọ̀, kó tún bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ pé òun bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì kọ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn kò ní rí ojú tí adájọ́ fi wò yín, wọn ò sì ní gbọ́ bó ṣe jágbe. Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n máa kà. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni lójú wọn. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ náà kò pé, àfi kó búra sínú ìwé nípa ohun tí wọ́n fò, kó sì fún adájọ́ yẹn tàbí akọ̀wé kóòtù ní ẹ̀dà kí àwọn náà lè fèsì. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó sàn kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Baálẹ̀

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ti òyìnbó ni. Nílé tiwa, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, wọ́n á wá ẹni tó súnmọ́ adájọ́, bóyá wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tàbí mọ́sálásí kan náà. Onítọ̀hún á lọ bá a nílé, á fi ohùn àgbà bá a sọ̀rọ̀. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni?

Lọ́yà Tákìé

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí dán an wò. Ìlànà ìwà adájọ́ kò fàyè gbà á pé kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì. Òfin iṣẹ́ tiwa agbẹjọ́rò náà kò gbà ká ṣe ohunkóhun tó máa dà bíi pé à ń wá ojúrere adájọ́ lábẹ́lẹ̀. Bí owó tàbí ẹ̀bùn bá tún wọ̀ ọ́, ó ti di ọ̀ràn tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Bí ìdílé yìí bá sì ṣe é, ẹnu wo ni wọ́n máa fi sọ lọ́la pé adájọ́ ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì?

Ohun tí àgbà lè ṣe wà o, ó sì dáa. Kí Baálẹ̀ pe ìdílé méjèèjì jókòó, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n lè pín in tàbí kí wọ́n parí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí lọ́yà méjèèjì gbé e lọ síwájú kóòtù, kóòtù á sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́jọ́ ni kí àgbà gbà lọ, kó má gba ọ̀dọ̀ adájọ́ lọ.

Agbẹjọ́rò Akẹ̀sán

Ọ̀yọ́ ni mo wà. Mo gba ohun tí màmá lọ́yà sọ, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ ká rọra ju bó ṣe yẹ lọ.

Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ kí kóòtù tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín àsìkò tó bójú mu. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ yẹn lójú? Ní 1968, nígbà tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fún wa ní òṣùwọ̀n nínú ẹjọ́ Mohammed àti Kano N.A. (ìyẹn Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ Kano nígbà náà). Wọ́n ní ká bi ara wa pé, ẹni tó ní làákàyè, tó jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ náà, kí ló máa rò nígbà tó bá jáde? Ṣé ó rí i pé wọ́n ṣe òdodo? Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe ọmọ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n ní ká bi. Inú á kọ́kọ́ bí ọmọ ẹlẹ́jọ́. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ níbẹ̀, tí kò mọ ìdílé méjèèjì rí, ni wọ́n ń sọ.

Ní ti adájọ́ tó ń béèrè ìbéèrè jù, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957 tá a kọ́ gbogbo wa ní yunifásítì, Jones àti National Coal Board. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú síbi iṣẹ́ èédú ló pe àjọ náà lẹ́jọ́. Adájọ́ dá sí ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ráhùn nígbà tí wọ́n dé kóòtù òkè. Adájọ́ Denning àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń wú mi lórí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ pé adájọ́ yẹn gba rìbá. Wọ́n gbà pé èrò rere ló ní lọ́kàn. Síbẹ̀, ẹni tó yẹ kó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sójú ìjà. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tiwa náà sọ̀rọ̀ gidi lórí irú nǹkan báyìí ní 1988 nínú ẹjọ́ Okoduwa àti Ìjọba.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní móṣọ̀n, kẹ́ ẹ fi ní kí adájọ́ yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Iwájú òun fúnra rẹ̀ lẹ máa gbé e lọ. Ẹ so ìwé ìbúra mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ má kọ "ó kórìíra wa". Ẹ kọ ohun tó sọ.

Lọ́yà Tákìé

Ìmọ̀ gidi ni, ẹ ṣeun. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é láéláé. Ohun tí mò ń rò ni ọjọ́ orí bàbá. Bí adájọ́ ò bá gba móṣọ̀n yẹn, ọ̀pọ̀ kì í sì í gbà á torí òfin gbà pé adájọ́ kò ṣègbè títí ẹ̀rí fi máa hàn, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí irú ìpinnu àárín ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ńlá lè wá dúró síbẹ̀ kalẹ̀. Bó bá sì gbà kó yọwọ́, adájọ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀ ní àkọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá á tún dúró jẹ́rìí lákọ̀tun. Ṣé agbára wọn á gbé e?

Niki Tobi tó jẹ́ adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kìlọ̀ fún àwa lọ́yà ní 2002, nínú ẹjọ́ Orugbo àti Una, pé ká yé fi "ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo" ṣe oògùn gbogboǹṣe tá a máa ń fà yọ nígbà tí ẹjọ́ bá ti ń lọ sódì fún wa. Mo ti rí lọ́yà tó ń fi móṣọ̀n báyìí sá fún ẹjọ́ tí kò ní ẹsẹ̀.

Agbẹjọ́rò Akẹ̀sán

Òótọ́ ni, ma. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́ títí ìdájọ́ fi jáde, tó wá sọ pé adájọ́ ti ń ṣègbè láti ọjọ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí kóòtù òkè máa bi í ni pé níbo ló wà nígbà náà. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n ta ko ó ní kíákíá nìyẹn.

Lọ́yà Tákìé

Kí wọ́n ta ko ó, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ àtakò tó wọ inú ìwé lọ́jọ́ yẹn lè tó, láìjẹ́ pé wọ́n kọ móṣọ̀n.

Agbẹjọ́rò Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Ó rọrùn láti sọ pé kí lọ́yà dìde. Lọ́yà tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iwájú adájọ́ kan náà ló máa dúró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ míì, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹgbẹ́ mi tí adájọ́ halẹ̀ mọ́ pé òun máa jù ú sẹ́wọ̀n fún ìwà àrífín sí kóòtù torí pé ó tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú aṣọ lọ́yà dúdú yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ohun tó gbà wá ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, NBA. Àwọn olórí ẹ̀ka lọ kí adájọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwà nìkan, wọn ò mẹ́nu kan ẹjọ́ ẹnì kankan. Nǹkan sì rọ̀ díẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa sọ ọ́ náà pé lọ́yà tó bá ní ẹ̀sùn gidi sí adájọ́, ibi tó yẹ ni kó gbé e lọ, kó má máa bú u kiri. Torí náà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ẹ bi lọ́yà yín bóyá òun nìkan ni nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ gbogbo lọ́yà ló ń ráhùn, ẹ̀ka lè gbé e.

Ìyá Ọjà Jagun

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Mo rojọ́ ilé ọkọ mi títí ó fi parí. Adájọ́ tó jágbe mọ́ mi jù lọ, tí mo ń tìtorí rẹ̀ sunkún lọ sílé, òun náà ló dá mi láre. Ẹ jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ ni ìdájọ́. Kí wọ́n jẹun dáadáa, kí wọ́n sì sùn dáadáa kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé fóònù jáde nínú kóòtù pé wọ́n fẹ́ ya fídíò adájọ́. Wọ́n gba fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì í mọ́lé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ ṣeun, màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ti lọ bá lọ́yà wa, mo bi í ní gbogbo ìbéèrè yín. Ó ní adájọ́ jágbe mọ́ ẹgbẹ́ kejì náà dáadáa nígbà tí wọ́n pẹ́ mú ìwé wọn wá, àwa ni a ò sí ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Ó tún ní ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ láti sún ẹjọ́ fún wa, a ò mú ìwé kankan wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹnu lásán la fi sọ ọ́. Torí náà, ọkàn mi ti rọ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ "mo mọ ibi tó ń lọ" yẹn ń dun òun náà. Ó sì ní òun dìde lọ́jọ́ yẹn, òun ta ko ó, òun ò kàn mọ̀ bóyá adájọ́ kọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ògbufọ̀.

Agbẹjọ́rò Akẹ̀sán

Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú èyí, torí lójú tèmi, òun ló lè ba ẹjọ́ yín jẹ́ ju ohùn adájọ́ lọ.

Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn ní kóòtù pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìdílé sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹni tó bá gbára lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tó jogún rẹ̀ ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀ láìfo ẹnì kankan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ wá ro bàbá yín níbẹ̀. Wọ́n ń ka àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ń sọ odò tó jẹ́ ààlà, igi tó jẹ́ ààlà, ẹni tí wọ́n fún láyè àti ohun tó máa ń gbé wá lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Ògbufọ̀ wá fi gbólóhùn kan sọ fún kóòtù pé, "Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni." Ohun tí adájọ́ máa kọ nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdájọ́, á ní ìtàn yín kò kún. Ẹ̀yin á ní ó ṣègbè, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló fi dájọ́.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, abala 36 sọ ọ́ ní tààrà pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀daràn, àmọ́ ẹ̀tọ́ pé kí kóòtù gbọ́ ẹni wà níbẹ̀ náà, ta ló sì lè sọ pé wọ́n gbọ́ ẹni tí wọn ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Kí lọ́yà yín dìde lójú ẹsẹ̀ tí ògbufọ̀ bá gé ọ̀rọ̀. Kó sọ ohun tí ó fò, kó bẹ̀bẹ̀ fún ògbufọ̀ míì bó bá pọn dandan. Kí bàbá náà máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dúró kí ògbufọ̀ túmọ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.

Bàbá Akọ̀wé

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ìgbà míì, a ò ní ògbufọ̀ gidi, ẹni tó bá wà nítòsí nínú kóòtù ni wọ́n á ní kó túmọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá lóòótọ́, àmọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ tún lè bẹ̀bẹ̀ kí adájọ́ àti ẹgbẹ́ méjèèjì lọ wo ilẹ̀ náà. Mo ti bá adájọ́ lọ sóko rí. Nígbà tí bàbá arúgbó kan dúró sí ìdí igi ààlà, tó nawọ́ sí orórì baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń dojú rú ní kóòtù yé gbogbo wa níbẹ̀. Akọ̀wé á kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rẹ́ Baálẹ̀

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin lọ́yà, mo sì gbà. Màá bá Baálẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n pe ìdílé méjèèjì. Àmọ́ bí adájọ́ bá ṣègbè ní tòótọ́, tẹ́ni kankan ò lè bá a sọ̀rọ̀, ta ló wá ń mú un?

Lọ́yà Tákìé

Ìgbìmọ̀ NJC (National Judicial Council), tó ń bójú tó ìwà àwọn adájọ́, tó wà l'Ábújá ni, ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ni alága wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé ẹ̀sùn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga lọ. Bó bá jẹ́ ti májísíréètì tàbí kóòtù ìbílẹ̀ ni, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ adájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni. Ìlànà NJC ti 2017 ní kí ẹ̀sùn wọlé láàárín oṣù 6 tí ohun náà ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fi ìwé ìbúra tì í lẹ́yìn. Torí náà, irọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe NJC ló ń tún ìdájọ́ tó wọ́ ṣe o. Bí adájọ́ bá ṣi òfin gbé, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni, oṣù 3 sì lẹ ní lẹ́yìn ìdájọ́ ìkẹyìn. Ìwà ni ti NJC, bíi gbígba rìbá, gbígbọ́ ẹjọ́ ẹbí ara ẹni, tàbí kí adájọ́ jókòó lórí ìdájọ́ kọjá ọjọ́ 90 tí abala 294 fún un lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bọ́ lẹ́nu adájọ́ yìí, ìyẹn nìkan kò tó gbé lọ s'Ábújá lójú tèmi.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, àbúrò, bí lọ́yà yín bá gbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn tí kóòtù fọwọ́ sí, kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà àti àtakò wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ máa bá ẹjọ́ lọ. Ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ máa gbé dé Ìbàdàn bó bá pọn dandan. Bí kò bá sí, kí lọ́yà búra sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó pẹ́, kó fi sínú fáìlì. Bí adájọ́ bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà náà ni mo máa fara mọ́ móṣọ̀n tí ẹgbẹ́ mi l'Ọ́yọ̀ọ́ dá lábàá. Ẹ sì lè kọ̀wé sí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún ẹlòmíì, ẹ ṣáà rí i pé ẹgbẹ́ kejì gba ẹ̀dà lẹ́tà yẹn.

Agbẹjọ́rò Akẹ̀sán

Mo fara mọ́ ọn báyìí, pàápàá torí ọjọ́ orí bàbá. Ká ní ẹni tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí ló ń jẹ́rìí ni, móṣọ̀n ni màá ṣì sọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Lọ́yà wa ní òun máa tọrọ ẹ̀dà náà lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá Akọ̀wé, ṣé a lè lọ béèrè fún un fúnra wa, àbí àfi lọ́yà?

Bàbá Akọ̀wé

Ẹni tó ni ẹjọ́ lè béèrè, àmọ́ ó máa ń yá bó bá wá lórí ìwé lọ́yà. Akọ̀wé àgbà kóòtù ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sókè, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń fẹ́ gan-an, ẹ má kọ "gbogbo ìgbẹ́jọ́", torí wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á sọ iye tẹ́ ẹ máa san fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ má fún ẹnì kankan lówó lọ́wọ́. Ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni kẹ́ ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tẹ́ ẹ máa mú bọ̀ wálé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ padà lọ pẹ̀lú èyí tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.